Ọwọ́ Òsì àti Ọwọ́ Ọ̀tún Nínú Iṣẹ́ Díìnì Ọ̀rọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú nínú òwe yìí ni pé ìbáwí àti ìfẹ́ gbọ́dọ̀ jọ máa rìn. Ṣùgbọ́n ìjìnlẹ̀ rẹ̀ wà nínú bí àwọn àgbà ṣe pín iṣẹ́ náà, nítorí ọwọ́ òsì, tí kì í sábà lágbára tó ọ̀tún, ni wọ́n fún ní ìbáwí, tí wọ́n sì fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀ fún ìtọ́jú. Òwe yìí bá iṣẹ́ Díìnì Ọ̀rọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ mu gan-an, ìyẹn àgbà olùkọ́ tí gíwá, olórí Yunifásítì, yàn láti máa bójú tó ìgbé ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Yunifásítì Ètò Ọ̀gbìn ti Ìjọba Àpapọ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FUNAAB, jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere. Ọdún 1988 ni ìjọba dá a sílẹ̀. Àárín ìlú Abẹ́òkúta ló ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kó lọ sí Àlàbàtà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdèdà, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń háyà yàrá ní àwọn àdúgbò bíi Camp àti Harmony. Nítorí náà, iṣẹ́ Díìnì kò mọ sí pínpín yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ètò àwọn tí ń lọ sin ilẹ̀ baba wọn gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀; bí onílé bá kó ẹrù akẹ́kọ̀ọ́ síta, tàbí tí olè bá fọ́lé wọn lóru, ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣàì dé ọ́fíìsì rẹ̀.

Ọwọ́ òsì pàápàá ní ààlà. Ní ọdún 1986, nínú ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Maiduguri, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà fagi lé lílé tí wọ́n lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kúrò nílé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 1983, nítorí pé ilé ẹjọ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn lẹ́bi, àti pé igbákejì gíwá tí rògbòdìyàn náà kàn fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìwádìí. Ẹni tí ọ̀ràn dùn kò yẹ ní adájọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ni ó ń dènà ohun tí ìbáwí kò lè tún ṣe. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Kò sí lílé kúrò nílé ẹ̀kọ́ tó lè dá ẹ̀mí kan padà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tí wọ́n ń fi ipá fà wọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní sọ ọ́ fún ẹni tí ó mọ̀ mọ́ ìwé ìdádúró nìkan. Díìnì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tọ̀ lọ nígbà tí ebi ń pa wọ́n ni wọn yóò tọ̀ lọ nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n.