Àgbàrá àti Agbára: Ẹ̀kọ́ Odò Ògùnpa

'Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù': báyìí ni àwọn ará Ìbàdàn ṣe ń rántí ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980. Lọ́jọ́ náà, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀. Ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, àwọn ènìyàn tí ó lé ní 100 sì bá omi lọ. Ohùn nìkan ni ó ya àgbàrá àti agbára sọ́tọ̀ lẹ́nu Yorùbá. Nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Láti ilẹ̀ gíga ìhà Bódìjà ni Ògùnpa ti ń ṣàn bọ̀. Ó gba Agodi kọjá, ó gba ẹ̀bá Dùgbẹ̀, ó sì forí lé Mọ̀lété àti Ring Road. Òòfà ilẹ̀, tí ń fa ohun gbogbo wá sísàlẹ̀, ni ó ń darí rẹ̀. Omi tí ó wà lókè ní agbára ìpamọ́ nínú: bí ibẹ̀ bá ṣe ga tó ni agbára náà ṣe ń pọ̀ tó. Bí omi bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, agbára ìpamọ́ yóò máa dín kù, agbára ìrìn yóò sì máa rọ́pò rẹ̀. Bí eré omi bá di ìlọ́po méjì, agbára ìrìn rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ wo bí ẹrù náà ti wúwo tó. Òjò ọjọ́ náà lé ní mìlímítà 250. Èyí ni pé ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó gba omi tí ó wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì 5. Igbó tí ìbá dá omi dúró díẹ̀ ti di ilé. Pàǹtírí sì ti dí ojú odò. Ògiri ilé ni ó wá kù láti gba agbára náà lọ́wọ́ omi.

Kì í ṣe pé ìkìlọ̀ kò sí: Ògùnpa ti kún ní 1963 àti 1978. Lẹ́yìn ti 1980, wọ́n fi kọnkéré tẹ́ apá kan odò náà. Kọnkéré tí ó dán ń jẹ́ kí omi yára kọjá, ṣùgbọ́n kò pa agbára rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ó ń gbé e lọ. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omíyalé mìíràn tún pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn.

Odò kì í ṣàn kí ó bojú wẹ̀yìn. Ẹni tí yóò kọ́lé létí rẹ̀ ni ó yẹ kí ó bojú wòkè, kí ó mọ ibi tí omi ń gbà bọ̀.