Ìlà Méjìlá: Bí A Ti Ń Kọ Ìlù Sílẹ̀ ní Agbègbè Ìbàdàn, láti Sólífà dé Tracker

1. Ìfáàrà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe orin. Ọ̀rọ̀ ìkọsílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, ìkọsílẹ̀ sì ni iṣẹ́ wa.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyí. Bí ọmọ onílù kan ní Mọ́níyà, ní Lálúpọn, ní Ẹrúnmu tàbí ní Akànrán bá ní fóònù tàbí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan lọ́wọ́, tí ó sì fẹ́ fi í kọ ìlù bàbá rẹ̀ sílẹ̀, irú ètò wo ni kí ó yàn? Kí ni yóò fi mọ èyí tí ó yẹ yàtọ̀ sí èyí tí kò yẹ? Èrò tèmi ni pé kò sí ọ̀nà ìkọsílẹ̀ kan tí kò ní ohun tí ó dì mú àti ohun tí ó jẹ́ kí ó bọ́. Ẹni tí ó ń yan ọ̀nà ìkọsílẹ̀, ohun tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la yóò máa gbọ́ ni ó ń yàn.

2. Ẹ̀kọ́ tí àkọtọ́ kọ́ wa

Ní 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní 1875, àwọn ará C.M.S. ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ èdè náà. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àtúnṣe àkọtọ́ tí a ń tẹ̀lé lónìí. Nínú gbogbo ìrìn àjò yìí, ohun tí ó máa ń tètè bọ́ lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn òǹtẹ̀wé ni àmì. Ẹni tí ó bá kọ ‘oko’ tí kò fi àmì kankan sí i, òǹkàwé kò lè mọ̀ bóyá oko tí a ń ro ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro ó, tàbí ọkọ tí ó ni ìyàwó, tàbí ọkọ̀ tí ó ń kó èrò lọ sí ọjà. Ẹni tí ó ti gbọ́ èdè náà láti kékeré yóò fi òye gbé e. Àjèjì àti ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi kò ní òye náà. Lẹ́tà kò ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ohun tí a kò fún ní àyè lórí ìwé ni ó sọnù.

Ìlù wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹnu ti ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ewu kan náà ni ó dojú kọ ìlù nígbà tí a bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

3. Sólífà àti ìlà márùn-ún

Ní 1853 ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí Ìbàdàn láti ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́, tí ìjọ Kúdẹtì sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orin ìsìn tí ó tẹ̀lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a gbé karí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni orin ti ń gòkè. Ìtumọ̀ a sì fọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ orin rí àléébù yìí. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó fi ọdún púpọ̀ tẹ dùùrù ní Kàtídírà ìjọ Áńgílíkà ní Èkó, kọ ìwé kan, Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953, lórí bí orin wa ti ń tọ ipa ohùn èdè wa.

Sólífà ni ọ̀nà ìkọrin tí ó wọ ilé ìjọsìn àti ilé ìwé lọ jù. Ó rọrùn, kò ná ni ní nǹkan ju lẹ́tà lọ, ó sì bá èdè wa mu débi pé dò, re, mí ni àwọn olùkọ́ wa fi ń kọ́ ọmọ ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Ṣùgbọ́n ohùn orin ni sólífà mọ̀ ọ́n kọ. Ẹgbẹ́ dùndún kì í ṣe ohùn kan. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì, ìsáájú àti àwọn ọmọ ìlù yòókù ń gbè é lẹ́sẹ̀, gúdúgúdú tí a ń fi bílálà méjì lù sì ń ta pọ́n-pọ́n láìsinmi lábẹ́ gbogbo wọn. Sólífà kò ní àyè fún gbogbo èyí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wá yíjú sí ìlà márùn-ún ti àwọn Òyìnbó. Ní 1961 ni ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé Anthony King jáde lórí orin ìsìn àbáláyé ní Èkìtì. Ní 1990 ni ìwé ńlá tí Akin Euba kọ lórí dùndún jáde ní Jámánì. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni àwọn ìwé wọ̀nyí, a kò sì gbọdọ̀ fojú tín-ínrín wọn. Síbẹ̀, ẹni mélòó nínú àwọn tí ó ń lu ìlù ní abúlé ni ó lè ka irú ìkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Bí ìwé tí a kọ nípa ìlù bá wá di òwe fún onílù fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù.

4. Kọ́n kọ́n kóló

Àwọn onílù wa ti ní ọ̀nà ìrántí tiwọn kí ìwé tó dé. Wọ́n a máa fi ẹnu pe ohun tí agogo ń lù: kọ́n kọ́n kóló, kọ́n kóló. Ẹ jẹ́ kí a kà á. Ọ̀rọ̀ náà ní sílébù 7. Ṣùgbọ́n àkókò tí ó gbà kí ó tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pín sí ẹyọ dọ́gbadọ́gba 12. Lílù bọ́ sí orí ẹyọ 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 11; ẹyọ 2, 4, 7, 9 àti 12 dákẹ́. Ẹsẹ̀ oníjó ń tẹ ilẹ̀ ní ìgbà 4 láàárín ẹyọ 12 yìí, tí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ní ẹyọ 3. Adùn rẹ̀ wà nínú pé agogo àti ẹsẹ̀ kì í pàdé ní gbogbo ìgbà.

Nígbà tí a bá fi ojú ẹyọ 12 wò ó, a óò rí i pé ohun tí ìlù ń béèrè lọ́wọ́ ìkọsílẹ̀ kò ju àpótí dọ́gbadọ́gba lọ, tí a ó fi àmì sí èyí tí ó dún, tí a ó sì fi èyí tí ó dákẹ́ sílẹ̀ lófìfo. Irú èrò yìí ni Philip Harland mú wá ní Yunifásítì California ní Los Angeles ní 1962, tí James Koetting sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1970 láti fi kọ ìlù ilẹ̀ Gánà. Ìlù kọ̀ọ̀kan ní ìlà àpótí tirẹ̀. Ọmọdé tí ó mọ ọ̀nà ayò ọlọ́pọ́n lè kà á.

5. Ìbẹ̀rẹ̀ tracker

Ní 1987, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Karsten Obarski, ṣe ètò kan tí ó pè ní Ultimate Soundtracker fún kọ̀ǹpútà Amiga. Láti ibẹ̀ ni orúkọ tracker ti wá. Kò ní dùndún lọ́kàn rárá. Orin eré kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe jọ àpótí Harland tí a gbé dúró lóòró. Òpó 4 ni ó wà lójú ìwé, nítorí pé ohùn 4 ni ẹ̀rọ náà lè mú jáde pọ̀. Àkókò ń ti òkè ṣàn wá sísàlẹ̀, ìlà lẹ́yìn ìlà. Ní orí ìlà kọ̀ọ̀kan, a lè kọ ohùn tí ó gbọ́dọ̀ dún, ègé ohùn tí a gbà sílẹ̀ tí yóò fi dún, àti àṣẹ lórí bí yóò ti dún. Ojú ìwé kan ní ìlà 64.

Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. FastTracker 2, tí àwọn ará Sweden ṣe ní 1994, gba òpó 32, ó sì jẹ́ kí olórin fúnra rẹ̀ sọ iye ìlà tí ó fẹ́ lójú ìwé, títí dé 256. Impulse Tracker tí Jeffrey Lim ṣe ní 1995 gba òpó 64. Ní 2000 Johan Kotlinski gbé tracker wọ inú Game Boy, ohun ìṣeré tí ọmọdé ń fi sápò. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí a lè lò lónìí dé: OpenMPT fún kọ̀ǹpútà Windows, MilkyTracker tí ó tọ ipa FastTracker 2, Renoise tí a ń sanwó rà, àti SunVox tí Alexander Zolotov gbé jáde ní 2008, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà.

6. Bí a ó ti yàn

Ọ̀pọ̀ olórin ọ̀dọ́ wa ni ó mọ FL Studio, ètò tí ó ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù wá, tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1997 ní orúkọ FruityLoops. Ètò tí ó lágbára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọdé bá ṣí i, àpótí 16 ni ó kọ́kọ́ rí fún ìlù, ìlù oní-16 ni ọwọ́ rẹ̀ yóò sì mọ̀. Bákan náà ni ìlà 64 ti tracker àtijọ́: bí a bá fi 12 pín in, 4 yóò ṣẹ́kù. Kọ́n kọ́n kóló kò lè jókòó sórí 16 láìjẹ́ pé a ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ètò méjèèjì ṣeé yí padà, àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan kan sọnù kò ní wá ọ̀nà àti yí i. Báyìí ni àmì ohùn ṣe bọ́ nínú ìwé wa. Ìdánwò àkọ́kọ́ nìyẹn: ǹjẹ́ ètò náà jẹ́ kí a pe ojú ìwé ní ìlà 48 tàbí 96? OpenMPT, MilkyTracker, Renoise àti SunVox yege níbẹ̀. Àní nínú tracker àtijọ́, àṣẹ kan wà tí a lè fi gé ojú ìwé ní ìlà 48.

Ìdánwò kejì ni ohùn tí ó ń yọ̀. Ẹ gbọ́ bí ìyáàlù ti ń kí àlejò pé ‘Ẹ káàbọ̀’: re, mí, dò, dò. Láti mí dé dò, onílù kò lu ìlù lẹ́ẹ̀mejì. Ó fún ọṣán, ó lù ú, ó sì tú u sílẹ̀, ohùn sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Dùùrù kò lè ṣe èyí. Tracker ní àṣẹ fún un láti ìgbà àtijọ́: ọ̀kan ń fa ohùn gòkè, ọ̀kan ń fà á bọ̀ sílẹ̀, ọ̀kan ń fà á dé ibi tí a dárúkọ. Kí ọmọ náà gba ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ láti ọwọ́ onílù tòótọ́, kí ó sì fi àṣẹ yíyọ̀ so wọ́n pọ̀, ẹni tí ó gbọ́ ìlù yóò gbọ́ ohun tí ó wí.

Ìdánwò kẹta ni àkókò. Bí a bá ṣí irú tracker bẹ́ẹ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan, ìlà kan ń gba ìṣẹ́jú àáyá 0.12, tí ìlà 12 fi jẹ́ 1.44. Ìyẹn ṣeé yára tàbí kí a dẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n onílù kì í lu ìlù bí aago. Ìlà kọ̀ọ̀kan pín sí ẹyọ kéékèèké 6, àṣẹ sì wà tí ó lè jẹ́ kí lílù kan pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dún. Ẹni tí kò bá lo àṣẹ yìí yóò ní ìlù tí ó pé ní kíkà, tí ó sì kú létí.

Ìdánwò kẹrin ni ipò wa. Ní abúlé tí iná kì í dúró, ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù láìsí íntánẹ́ẹ̀tì sàn ju èyí tí ó dára lórí ẹ̀rọ olówó ńlá. SunVox yẹ fún fóònù. A ń ra ti orí fóònù, ti kọ̀ǹpútà kò gba kọ́bọ̀. MilkyTracker àti OpenMPT kò gba kọ́bọ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí àwọn ará ìlú ńlá ti pa tì.

7. Ẹni tí ó ni ohùn

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó wúwo jù lọ. Fáìlì tracker kò dà bí kásẹ́ẹ̀tì. Kásẹ́ẹ̀tì ń jẹ́ kí a gbọ́, ṣùgbọ́n kò fi bí a ti ṣe é hàn. Fáìlì tracker gbé ìkọsílẹ̀ àti ègé ohùn pọ̀ sínú ẹyọ kan, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fi í ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù, ẹni tí ó bá sì ṣí i lè wo ìlù kọ̀ọ̀kan, kí ó pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́, kí ó kọ́ ọ. Ó sún mọ́ bí ọmọ Àyàn ti ń jókòó ti bàbá rẹ̀ lóde àríyá tí ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìdí pàtàkì tí mo fi ń gbè é lẹ́yìn nìyí.

Ṣùgbọ́n ohùn tí a gbà sílẹ̀ láti ọwọ́ àgbà onílù, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá gbà á lọ, kí ó sanwó, kí ó sì kọ orúkọ. Àyè wà fún un: ègé ohùn kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì àtijọ́ ní àyè lẹ́tà 22 tí a lè kọ orúkọ sí. Orúkọ Àyànkúnlé tàbí Àyándélé kò gùn ju ìyẹn lọ. Bí a kò bá kọ ọ́, ọdún díẹ̀ sí i, ohùn náà yóò di ti gbogbo ayé, ẹni tí ó lù ú kò sì ní jẹ́ ẹnikẹ́ni.

8. Ìgúnlẹ̀

Sólífà dì ohùn mú, ó sọ ẹgbẹ́ ìlù nù. Ìlà márùn-ún dì ẹgbẹ́ ìlù mú, ó sọ onílù nù. Tracker lè dì méjèèjì mú, bí a bá kọ́kọ́ yí 64 rẹ̀ sí 48, tí a sì fi ohùn onílù tòótọ́ sí i. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ ni ó mọ fóònù; àgbà ni ó mọ ibi tí ẹyọ 7 ti ń dákẹ́. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó pọ̀ ní Lágelú àti ní Ọ̀nà-Ará nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà, a óò ní ìkọsílẹ̀ tí onílù fúnra rẹ̀ lè kà. Bí wọn kò bá jókòó pọ̀, ẹ̀rọ yóò kọ ohun tí ó bá wù ú, ohun tí a kò sì fún ní àyè yóò sọnù bí àmì orí ọ̀rọ̀.