Owó Àgbàrá: Àlàyé lórí Gbígba Owó Lọ́wọ́ Onílé fún Ìdènà Omíyalé ní Mówé, Ìbàfò àti Ìfọ̀

Owó àgbàrá ni owó tí ìjọba máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ilé tàbí ilẹ̀ láti fi la ojú àgbàrá, láti fi kó pàǹtírí kúrò nínú gọ́tà, àti láti fi tún àwọn afárá kéékèèké tí omi ń gba abẹ́ wọn kọjá ṣe. Ó yàtọ̀ sí owó orí. Kì í ṣe iye tí ènìyàn ń rí lóṣù ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, bí kò ṣe iye omi òjò tí ń ti inú ọgbà rẹ̀ ṣàn jáde. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ará Mówé, Ìbàfò, Ìfọ̀ àti agbègbè Lotto gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ilé ń pọ̀ sí i níbẹ̀ lọ́dọọdún, ojú àgbàrá kò sì bá ilé pọ̀ dọ́gba. Àlàyé ni a kọ síhìn-ín. Kì í ṣe ìkéde pé owó tuntun ti bẹ̀rẹ̀. A kọ ọ́ kí olùgbé kọ̀ọ̀kan lè mọ ohun tí yóò béèrè bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú rẹ̀.

Ibi tí omi náà ti ń wá

Mówé àti Ìbàfò wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Ìfọ̀ ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Oko àti igbó ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Èkó wọ́n, àwọn ènìyàn wá ra pulọ́ọ̀tì síhà ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì kọ́lé. Ilẹ̀ oko a máa mu omi. Òrùlé páánù, kọnkéré àti íńtálọ́ọ̀kì kì í mu ún.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Òjò tí ó ga ní mìlímítà 1, tí ó rọ̀ sórí mítà onígun mẹ́rin 1, líta omi 1 ni. Bí onílé kan bá fi òrùlé àti kọnkéré bo mítà onígun mẹ́rin 400 nínú pulọ́ọ̀tì rẹ̀, tí òjò mìlímítà 50 sì rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, líta 20,000 ni yóò bọ́ sórí ohun líle yẹn. Ìyẹn tó kẹ́ẹ̀gì onílíta 25 lọ́nà 800. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá tó 100 lórí òkè kan, omi náà di líta mílíọ̀nù 2. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí òkè lè má mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni yóò bá gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Omi kejì tún wà tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Odò Ògùn, tí ń ṣàn lọ sí ọ̀sà Èkó, a máa kún bo bèbè rẹ̀ ní Ìṣẹrí, Wáréwà àti àwọn àdúgbò tí ó sún mọ́ wọn, pàápàá láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá. Odò Ọ̀yán wà lára àwọn odò tí ń wọ inú rẹ̀. Ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, lè gba omi mítà onígun mẹ́fà mílíọ̀nù 270. Àjọ Ògùn-Ọ̀ṣun ti ìjọba àpapọ̀ ni ó ń bójú tó o, ó sì máa ń tú omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ìsédò náà má baà kún àkúnya. Owó àgbàrá kò lè wo irú omi yìí sàn. Ohun tí ó lè wò sàn ni omi tí òrùlé àti ojú pópó wa fúnra wọn tú sílẹ̀.

Ìdí tí owó fi ń tán kí iṣẹ́ tó tán

Títí di òní, orísun mẹ́ta ni owó ìdènà omíyalé ń gbà wá: ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, àpò owó àyíká tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1981, àti owó yíyá láti òkèèrè. Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù lọ ni Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, Ògùnpa ya wọ ìlú, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò ńlá tún rọ̀; ènìyàn tí ó kú ju 100 lọ. Lẹ́yìn èyí, ní 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Owó yíyá ni. Ó dára fún kíkọ́ afárá àti títún ìsédò ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń yá owó lọ́dọọdún láti fi kó yanrìn àti ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà.

Níbẹ̀ ni ìṣòro wà. Gọ́tà tuntun tí a kò kó fún ọdún méjì kò sàn ju ilẹ̀ lásán lọ. Kíkọ́ rẹ̀ jẹ́ ìnáwó ẹ̀ẹ̀kan. Ìtọ́jú rẹ̀ jẹ́ ìnáwó ọdọọdún, ó sì ń fẹ́ orísun owó tí ń wọlé lọ́dọọdún. Àwọn àgbà sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ìbéèrè tí ó kù ni bí àwọn onílé yóò ṣe pa owó wọn pọ̀.

Bí àwọn ìlú mìíràn ṣe ń ṣe é

Ìlú Bellevue ní ìpínlẹ̀ Washington, Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dá àjọ owó àgbàrá sílẹ̀, ní 1974. Ní 2010, ìlú Philadelphia bẹ̀rẹ̀ sí í fi bí ilẹ̀ tí a fi ohun líle bò ti fẹ̀ tó ṣírò owó àgbàrá àwọn ilé ìtajà àti ilé iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Jámánì, títí kan Berlin, owó omi òjò yàtọ̀ sí owó omi ìdọ̀tí, mítà onígun mẹ́rin tí ó le ni wọ́n sì ń kà.

Ìlànà náà kò ṣòro. Wọ́n á mọ bí òrùlé àti kọnkéré ilé gbígbé kan ṣe máa ń fẹ̀ tó, wọ́n á sì pe ìyẹn ní ìwọ̀n kan. Ilé iṣẹ́ tí ó fẹ̀ tó ìwọ̀n 30 yóò san ìlọ́po 30. Onílé tí ó gbẹ́ kòtò ìmumi, tí ó gbe omi òjò sínú táǹkì, tàbí tí ó fi koríko sílẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀, yóò rí ẹ̀dínwó gbà, nítorí pé omi tí ó tú sí ojú pópó ti dín kù. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, ilé ìjọsìn àti ilé ìwé pẹ̀lú ń san án, nítorí pé owó iṣẹ́ ni, kì í ṣe owó orí.

Ohun tí òfin sọ

Àfikún kẹrin sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 fi ìkọ́lé àti ìtọ́jú ojú pópó àti gọ́tà sí ara iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó tún fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára láti díye lé ilé àdáni kí wọ́n lè gba owó lé e lórí, bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Nítorí náà, kò sí òṣìṣẹ́ kan tí ó lè jí lówùúrọ̀ kí ó máa gba owó àgbàrá láìsí òfin. Ètò náà gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ àwọn aṣòfin kọjá, kí a sì gbọ́ ẹnu àwọn ará ìlú níbẹ̀.

Ohun tí ìtàn kọ́ wa

Ní 1908, ìjọba amúnisìn gbèrò láti fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, kí àwọn ará ìlú sì máa san owó rẹ̀. Àwọn ènìyàn kọ̀. Wọ́n ní àwọn ní kànga, àti pé àwọn òyìnbó ni yóò jàǹfààní rẹ̀ jù. Dókítà J. K. Randle àti Dókítà Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún náà. Omi náà dé láti Ìjù ní 1915, ṣùgbọ́n ìjà lórí owó rẹ̀ kò tán. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, owó orí tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1918, láìgba ìmọ̀ràn ará ìlú, wà lára ohun tí ó dá Ogun Adúbí sílẹ̀. Ní Èkó, òfin owó lílo ilẹ̀ ti 2001 kó oríṣiríṣi owó ilé pọ̀ di ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n fi owó kún un gan-an ní 2018, àwọn ènìyàn fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba sì dín in kù lẹ́yìn náà.

Nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn tí yóò san owó kò rí i kedere pé ohun tí wọ́n san ń padà sọ́dọ̀ wọn, tàbí pé wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ kí iye rẹ̀ tó jáde.

Àwọn ìbéèrè tí ó le

Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tí ó wà lókè. Yóò ní, "Omi kò wọ ilé mi rí, kí ni mo ń sanwó fún?" Ìdáhùn rẹ̀ ni pé omi tí ó kúrò lórí òrùlé rẹ̀ ni ó wọ ilé ẹlòmíràn. Bí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ nìkan bá ń sanwó, ẹni tí à ń pa lára ni a tún ń bu owó lé.

Èkejì ni ti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ onílé ní agbègbè wa ti ń dá owó ra òkúta, wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà, wọ́n sì ń tún ojú ọ̀nà ṣe. Bí owó tuntun bá dé, tí a kò sì ka èyí tí wọ́n ti ná sí, wọn yóò ti sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ó tọ́ ni kí a kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀, kí a sì yọ ọ́ nínú owó wọn. Gọ́tà tí àdúgbò kan gbẹ́ tún gbọ́dọ̀ bá ti àdúgbò kejì pàdé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni a kàn ń darí omi sí.

Ẹ̀kẹta ni ti ayálégbé àti arúgbó. Onílé lè gbé owó náà lé owó ilé, kí ayálégbé sì di ẹni tí ń san án. Opó tí ó ń gbé ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lè ní òrùlé ńlá láìní owó lọ́wọ́. Òfin tí ó dára gbọ́dọ̀ sọ bí a ó ṣe ṣe sí irú wọn.

Ẹ̀kẹrin ni ti iye. Kí a fi ṣe àpẹẹrẹ lásán: bí ìwọ̀n 10,000 bá wà ní agbègbè kan, tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì san náírà 500 lóṣù, mílíọ̀nù 60 náírà ni yóò wọlé lọ́dún. Bí ìdajì kò bá san, mílíọ̀nù 30 ni. Ẹni tí ó bá sì san yóò wo gọ́tà tí kò yí padà, yóò bínú, òun náà yóò sì dáwọ́ dúró lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e.

Ohun tí olùgbé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè

1. Ṣé àpò ọ̀tọ̀ ni owó náà yóò wọ̀, tí a kò ní fi san owó oṣù tàbí ṣe ohun mìíràn?

2. Ṣé iye tí ó wọlé àti iṣẹ́ tí a fi ṣe yóò máa jáde lọ́dọọdún, ní orúkọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ní èdè tí a gbọ́?

3. Ṣé àwọn aṣojú onílé àti ayálégbé yóò wà lára ìgbìmọ̀ tí yóò yan iṣẹ́ tí a ó kọ́kọ́ ṣe?

4. Ṣé ilé iṣẹ́, ilé epo, gbọ̀ngàn ayẹyẹ àti ọgbà ìjọsìn ńlá yóò san ní ìwọ̀n tí ilẹ̀ líle wọn fẹ̀ tó?

5. Ibo ni ẹni tí wọ́n bá ṣi owó rẹ̀ ṣírò yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ?

Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí ó bá rí ni ó ń pa. Owó àgbàrá kò ní dá òjò dúró, kò sì ní mú ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe ni kí owó ìtọ́jú gọ́tà máa wà nílẹ̀ kí òjò oṣù kẹfà tó dé, dípò kí a máa wá a lẹ́yìn tí omi ti wọlé. Bí ìdáhùn sí ìbéèrè márààrún wọ̀nyí bá tẹ́ni lọ́rùn, owó náà tọ́ láti san. Bí kò bá tẹ́ni lọ́rùn, ẹ̀tọ́ olùgbé ni láti sọ bẹ́ẹ̀ fún aṣòfin tí ó ń ṣojú rẹ̀ kí àbá náà tó di òfin.