Yanrìn Tó Ń Rìn

Àwa tí a wà ní Ladi-Lak níhìn-ín, omi Bàrígà tí ò jìnnà sí wa, ọ̀sà ni, kì í ṣe òkun. Yorùbá ò da méjèèjì pọ̀ rí: Ọlọ́sà lọ́tọ̀, Olókun lọ́tọ̀. Lójò, omi odò Ògùn a ṣẹ́gun iyọ̀ inú ọ̀sà. Lẹ́ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun a tún padà wọlé.

Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín bo apá àríwá ayé, òkun fi nǹkan bíi mítà 120 rẹlẹ̀ ju ti òní lọ. Yìnyín yọ́, omi gòkè, ìgbì sì ń wọ́ yanrìn jọ, ó kọ ọ́ bí ebè. Omi tó há sẹ́yìn ebè náà lọ̀sà. Orí ebè yìí ni Victoria Island àti Lẹ́kí wà. Àbàtà àárín wọn ni poro.

Yanrìn náà kì í dúró o. Láti ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì ti ń gbá a lọ sí ìlà-oòrùn. Níbi tí ọ̀sà ti ń já sókun, ó máa ń gbá jọ sábẹ́ omi, ọkọ̀ ńlá ò sì lè wọlé. Òkìtì yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bar. Òun ló bí orúkọ Bar Beach, kì í ṣe ilé ọtí bí àwọn kan ṣe rò.

Láti 1908, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà náà. Rélùwéè ló ń kó òkúta bọ̀ láti Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ìlú abẹ́ àpáta ló yá ìlú orí yanrìn lókùúta! Ó ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ńlá wọlé. Ṣùgbọ́n yanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ kọlu ògiri, ó dúró síbẹ̀, etíkun apá ọ̀hún sì ń fẹ̀. Ìlà-oòrùn ò rí yanrìn gbà mọ́, bẹ́ẹ̀ ìgbì ò yéé kó tirẹ̀ lọ. Òkun jẹ Bar Beach ju kìlómítà kan lọ kí wọ́n tó wá fi yanrìn kún un, tí wọ́n mọ ògiri tuntun síwájú Eko Atlantic.

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé tàwọn olówó nìyẹn. Àwọn tó ń wa yanrìn lọ́sà Bàrígà, búlọ́ọ̀kù ilé wa ní Ṣómólú ni wọ́n ń wá a fún. Ihò tí wọ́n ń gbẹ́ sísàlẹ̀ omi kì í dí lọ́jọ́ kan, inú omi tó sì dàrú lókè rẹ̀ làwọn apẹja Ìlàjẹ ṣì ń ju àwọ̀n sí.