Bí Wi-Fi Ilé Bá Ń Já Lórí Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Yín

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ará ìlú ń tò fún ní ọ́fíìsì tẹ́lẹ̀ ni a ti ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Bí Wi-Fi bá já nígbà tí ẹ kọ fọ́ọ̀mù dé ìdajì, iṣẹ́ lè sọnù, ọjọ́ ìparí ìforúkọsílẹ̀ sì lè kọjá. Kí ẹ tó náwó fún alátùn-únṣe, a rọ̀ yín láti tẹ̀lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ní ẹsẹẹsẹ.

1. Ẹ wá ibi tí àléébù wà. Nígbà tí ó bá já, ẹ pa dátà fóònù yín, kí ẹ sì fi fóònù náà lo Wi-Fi kan náà. Bí fóònù kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ ráútà tàbí iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín ni àléébù wà. Bí fóònù bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kẹta.

2. Ẹ yẹ ráútà wò. Ẹ yọ ọ́ nínú iná fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un tàn. Ẹ gbé e sí ibi gíga láàárín ilé, kì í ṣe ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí ẹ̀gbẹ́ fìríìjì. Bí ó bá ń já nígbà tí ẹ bá ń yí iná sí jẹnẹrétọ̀ nìkan, iná tó ń ṣẹ́jú ló ń pa ráútà. UPS kékeré lè yanjú rẹ̀.

3. Ẹ yan ìgbì tó yẹ. Ọ̀pọ̀ ráútà ní 2.4 GHz àti 5 GHz. 5 GHz yára jù, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dí i. 2.4 GHz ń dé ọ̀nà jíjìn, àmọ́ microwave àti Wi-Fi aládùúgbò lè dà á láàmú. Ẹ lo 2.4 bí ẹ bá jìnnà sí ráútà, kí ẹ lo 5 bí ẹ bá wà nítòsí.

4. Ẹ tún kọ̀ǹpútà ṣe. Lórí Windows, ẹ yan “Forget” lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Wi-Fi yín, kí ẹ tún wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí “Device Manager”, “Network adapters”, kí ẹ yan ẹ̀rọ Wi-Fi, kí ẹ sì ṣí “Power Management” bí ó bá wà níbẹ̀. Ẹ yọ àmì tó ń gba kọ̀ǹpútà láàyè láti pa Wi-Fi nítorí àtifi iná pamọ́.

5. “Network reset” ni kó gbẹ̀yìn. Yóò pa gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ́. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ ṣáájú.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé e lọ fún alátùn-únṣe tí ẹ fọkàn tán, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì yín. Bí ọjọ́ ìparí bá sì ti sún mọ́lé, ẹ fi dátà fóònù yín parí fọ́ọ̀mù náà ná.