Ìwé Ìlànà Tó Ń Gba Ẹnu Ọmọ Kọjá: Ẹ̀kọ́ Ìwé Kíkọ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Benin

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìdánwò ìwé kíkọ tí à ń fún akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ kò bá iṣẹ́ ọjọ́ iwájú wọn mu. Olùkọ́ ló ń ka ìwé àṣekágbá, ó sì ti mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kó tó ṣí i. Àgbẹ̀ tó nílò ìwé ìlànà kò mọ̀ ọ́n.

Ní Manigri, lábẹ́ Bassila, Nàgó ni wọ́n ń sọ nílé, Faransé ni ti iléèwé. Faransé náà ni wọ́n fi ń kọ̀wé ní Yunifásítì Parakou, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2001. Bí ìwé lórí kajú bá dé ọwọ́ bàbá tí kò kàwé, ọmọ rẹ̀ ni yóò kà á ní Faransé, tí yóò sì sọ ọ́ ní Nàgó. Gbólóhùn tó bá lọ́jú pọ̀ yóò já sọnù lójú ọ̀nà.

Ẹ wo irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́: «Mímú kí omi inú kóró kajú dínkù sí ìdá 8 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe kókó fún ìpamọ́ rẹ̀.» Gírámà rẹ̀ pé, iye inú rẹ̀ sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe kí ni? Àgbẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò kọ ọ́ báyìí: «Ẹ yọ kóró kúrò lára èso lọ́jọ́ tí ẹ ṣà á. Ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ máa rò ó. Bí ẹ bá mì ín tó ń ró, ó ti gbẹ. Inú àpò jute ni kí ẹ rọ ọ́ sí, ẹ má lo àpò ọ̀rá.»

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ̀n ọmọ inú kóró tó jáde nínú àpò 80 kílò ni olùrajà fi ń díye lé e, kóró tó bu sì ń já owó wálẹ̀. Láti oṣù kẹrin 2024, ìjọba Benin kò gbà kí wọ́n kó kóró tí wọn kò tíì pa ránṣẹ́ sókè òkun mọ́. Ilé iṣẹ́ abẹ́lé ló kù tí àgbẹ̀ ń tà fún.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ olùkọ́ èdè nìyí. Òótọ́ ni pé olùkọ́ èdè lè tún gbólóhùn ṣe, àmọ́ kò lè mọ̀ pé ìró kóró lè dípò ẹ̀rọ. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í sábà fún un ní máàkì. Nítorí náà, kí àwọn méjèèjì jọ máàkì ìwé ìlànà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ, lẹ́yìn tí ọmọ iléèwé kan bá ti ka ìwé náà sókè fún àgbàlagbà kan, tí ìyẹn sì ṣe iṣẹ́ náà níṣojú wọn. Kí ẹni tó kọ ọ́ jókòó síbẹ̀, kó má sọ nǹkan kan. Gbogbo ibi tí àgbẹ̀ bá ti dúró béèrè, ibẹ̀ ni kó lọ tún kọ.