Orúkọ Bàbá Nínú Ìwé Ogun Bọ́mà

Ẹni tí ń wá ìtàn bàbá rẹ̀ olóògbé, tí ó ja ogun Bọ́mà, kò gbọdọ̀ gbára lé orúkọ ìdílé. Àwọn akọ̀wé ológun a máa fi ìlú ẹni ṣe orúkọ ìkẹyìn: Òjò láti Ìbàdàn a di Òjò Ìbàdàn. Nọ́ńbà ológun, tí ó wà lára ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ló dájú jù.

Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn ọmọ ogun náà wà ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó sọ ibi tí wọ́n gbà kọjá ní àfonífojì Kaladan lọ́dún 1944, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá òyìnbó ni ó sábà ń dárúkọ. Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ agbègbè Ọ̀wọ̀, tí ìbọn bà níbẹ̀, tí àwọn ará abúlé sì gbé pamọ́ fún nǹkan bí oṣù 9, fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ ohunkóhun.